Ẹ Bi Àǹtí Arìnrìn-àjò: Ọjọ́ mẹ́fà létí Òkun Mẹditaréníà, ìlú mélòó ló tó?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ò tíì jáde ní Nàìjíríà rí látìgbà tá a ti fẹ́ra wa, ọ́fíìsì ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní lífù, a sì ti tọ́jú owó díẹ̀. Òkun ló wù mí kí n rí, torí Gwarinpa tí mò ń gbé yìí, Jabi Lake ni omi tó tóbi jù tójú mi ń tó. Ẹ́jẹ́ńtì kan ní Wuse ti bá wa ṣètò ọjọ́ mẹ́fà: Paris, Rome, Barcelona àti Santorini, ó ní fọ́tò tá a máa yà, fóònù wa á kún. Inú ọkọ mi ń dùn sí i gan-an àmọ́ àyà mi ń já. Kí lẹ rí sí i? — *Ìyá Ìbejì, Gwarinpa*

ÈSÌ: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Àyà tó ń já yẹn, ẹ gbọ́ tiẹ̀. Kò sọ́kọ̀ òfurufú tó ń gbéra ní Abuja tó ń já tààrà sí èyíkéyìí nínú àwọn ìlú etíkun yẹn, ẹ máa yà ní Istanbul tàbí Frankfurt tàbí Cairo, ẹ máa jókòó sí èbúté, ẹ máa wọ òmíràn, ọjọ́ kan ti bá àlọ lọ, ọjọ́ kan ti bá àbọ̀ lọ, ó ku mẹ́rin. Ẹ wá fẹ́ fi mẹ́rin tó kù lọ ìlú mẹ́rin! Ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ máa jí ní ìdájí, kẹ́ ẹ máa di ẹrù, kẹ́ ẹ máa tò sórí ìlà síkiọ́rítì, kẹ́ ẹ máa wá hòtẹ́ẹ̀lì lóru. Òkun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ jáde nílé, ojú fèrèsé takisí lẹ ti máa rí i. Paris gan-an ò sì sí létí òkun rárá.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí ọjọ́ ẹ̀ ò pọ̀ rèé: ẹ mú ìlú kan ṣoṣo, kó jẹ́ ìlú kékeré tẹ́sẹ̀ lè rìn já, kẹ́ ẹ sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń ṣètò fún yín, Cefalù ni mo máa mú, ní erékùṣù Sísílì ní Ítálì. Ẹ wọkọ̀ òfurufú dé Rome, ẹ wọ èyí tó ń lọ Palermo, láti Palermo ẹ wọ rélùwéè, kò ju bíi wákàtí kan lọ, òkun á sì máa bá yín lọ lápá òsì ní ibi tó pọ̀ lójú ọ̀nà. Bẹ́ ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé, ẹ tì í bọ ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ibùdókọ̀ kó lù ú ní òǹtẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, torí tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ yín láìsí òǹtẹ̀, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé yín.

Ní Cefalù, iyanrìn ni etíkun wọn, kì í ṣe òkúta bíi ti Nice ní Faransé tí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ máa ń ta èèyàn. Omi ẹ̀ ò jìn létí, ẹ lè rìn wọ inú ẹ̀ lọ kó máa kan yín ní orúnkún. Ẹ sì má fi ojú òkun Èkó wò ó o, torí bí ìgbì ti Èkó ṣe ń ya luni tó sì ń fà èèyàn sẹ́yìn, Mẹditaréníà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ibi tó ti pàdé Òkun Àtìláńtíìkì ní Gibraltar há gan-an, nǹkan bíi kìlómítà 14 péré, ìdí nìyẹn tí omi ẹ̀ kì í fi lọ sókè sódò púpọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Iyọ̀ inú ẹ̀ náà pọ̀ ju ti Àtìláńtíìkì lọ, torí oòrùn ń fa omi ẹ̀ lọ ju èyí tí odò ń dá sí i lọ, ara èèyàn sì máa ń léfòó níbẹ̀ dáadáa. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, tẹ́ ẹ bá rí àsíá pupa, ẹ má wọnú omi. Tẹ́ ẹ ò bá mọ omi wẹ̀, ẹ gba olùkọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Abuja tó ní púùlù kẹ́ ẹ tó lọ, owó tẹ́ ẹ bá ná síbẹ̀ wúlò ju owó fọ́tò lọ.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ máa rí i pé ìjókòó àti agbòòrùn pọ̀ létíkun tí wọ́n ń fi háyà, owó ẹ̀ sì máa ń wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ apá ibì kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ tẹ́ aṣọ yín síbẹ̀ ó parí. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń tì fún wákàtí díẹ̀, kò ní í ṣe pẹ̀lú yín, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ lọ sùn. Lálẹ́, bukatéríà wọn kì í tètè ṣílẹ̀kùn, aago méje ààbọ̀ sókè, wọ́n á sì ka owó ìjókòó mọ́ yín lórí bílì, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má bá wọn jà, wọ́n kọ ọ́ sára ìwé oúnjẹ wọn.

Ibi kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí. Ní àárín ìlú, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta kan tó ti dán nítorí ẹsẹ̀ èèyàn, ìsàlẹ̀ ẹ̀ tutù, àwọn orí kìnnìún tí wọ́n fi irin ṣe tò sára ògiri, omi tútù ń tú jáde lẹ́nu wọn bọ́ sínú àwọn agbada òkúta tí etí wọn dà gẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè máa fi ọwọ́ ra aṣọ lórí wọn. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ìlú yẹn ti máa ń fọṣọ láyé àtijọ́. Tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀ ní àárọ̀ kùtù kí àwọn àlejò tó kún un, omi yẹn nìkan lẹ máa gbọ́. Lẹ́yìn ìlú, àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní La Rocca, ó ga tó mítà 270, owó ni wọ́n fi ń gùn ún, ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú kẹ́ ẹ sì gbé omi. Kàtídírà wọn náà, Ọba Roger Kejì ló bẹ̀rẹ̀ kíkọ́ ẹ̀ ní 1131, àwòrán Jésù tó wà lókè pẹpẹ, òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi tò ó, ìwé tó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ wà lédè Gíríìkì àti Látìnì.

Ìgbà wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ní Ọ́gọ́ọ̀sì. Ọjọ́ 15 oṣù yẹn ni họ́lidé ńlá wọn, gbogbo Ítálì ló máa ń ya létíkun, hòtẹ́ẹ̀lì á wọ́n, ooru á mú. Sẹ̀tẹ́ńbà ló dáa jù, àwọn ọmọ iléèwé ti ń padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, omi sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi dígíríì 25. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó pọ́ọ́kú tàn yín lọ ní Fẹ́búárì, òtútù á mú yín ju ti ọyẹ́ Jos lọ, omi ò sì ní ṣeé wọ̀. Ara ò ní rẹ̀ yín torí aago náà o, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn wákàtí kan péré ni wọ́n fi ṣíwájú wa.

Ní ti físà, ti Ítálì lẹ máa gbà, torí ibẹ̀ lẹ ti máa lo ọjọ́ yín. Ẹ lè kọ̀wé béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, kó má sì dín sí ọjọ́ 15. Owó ẹ̀ jẹ́ yúrò 90 fún àgbàlagbà, wọn kì í dá a padà. Ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò tó bo yúrò 30,000 jẹ́ dandan, pásípọ́ọ̀tù yín sì gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò níbẹ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ìbejì o, ẹ sì sọ fún Bàbá wọn pé ìlú kan tẹ́ ẹ mọ̀ dunjú sàn ju mẹ́rin tẹ́ ẹ kàn gba ibẹ̀ kọjá lọ.

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aláékùm, Àǹtí. Tíṣà ni mí ní Kaduna, ọmọ Ìlọrin ni mí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ lọ Sísílì lọ́dún tó ń bọ̀ tí Ọlọ́run bá fẹ́. Báwo la ṣe máa ṣe oúnjẹ, ṣé a sì lè wọ omi pẹ̀lú aṣọ tó bò wá? — *Alhaja Kékeré, Ungwan Rimi*

ÈSÌ: Wàláékùm sàláámù, àbúrò mi. Aṣọ ìwẹ̀ tó bo ara látòkè délẹ̀ ò lè dá wàhálà sílẹ̀ létíkun gbangba níbẹ̀, àwọn kan lè wò yín, kí wọ́n wò. Àmọ́ ẹ lọ ní àárọ̀, kó tó di aago mẹ́sàn-án, ojú àwọn èèyàn ò tíì pọ̀ nígbà yẹn, omi sì máa ń pa rọ́rọ́.

Oúnjẹ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹja pọ̀ níbẹ̀, sàdíìnì tútù tí wọ́n fi ń se pasta, ẹja onídà tí wọ́n ń yan, ẹ lè fi ìyẹn gbé gbogbo ọjọ́. Ìrẹsì roboto tí wọ́n ń dín, arancina, ẹ béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e jẹ: èyí tí wọ́n ń pè ní al burro, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Cannoli náà, ìpápánu aládùn tí gbogbo èèyàn ń pọ́n lé, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń po èèpo ẹ̀ látayé àtijọ́, nígbà míì wọ́n á tún ta wáìnì sí i. Strutto ni wọ́n ń pe ọ̀rá yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín kẹ́ ẹ máa fi han àwọn tó ń tajà. Èyí tẹ́ ẹ máa fẹ́ràn ni panelle ti Palermo. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà kan tó rí roboto ni, wọ́n á rò ó lórí iná pẹ̀lú omi àti ewé títí á fi ki, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á gé e, wọ́n á dín in, wọ́n á tì í sáàárín búrẹ́dì gbígbóná tó ní yánmọtí lára. Ẹni tó bá ti jẹ àkàrà òun búrẹ́dì dàgbà, ẹnu ẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Ẹ sì bi wọ́n pé òróró wo ni wọ́n fi dín in.

Ẹ fi ọ̀sán kan sílẹ̀ fún Palermo. Lárúbáwá Mùsùlùmí jọba ní Sísílì fún ìgbà pípẹ́ kí àwọn Norman, àwọn jagunjagun tó wá láti àríwá Faransé, tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àmì wọn ò sì parẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà Kàtídírà Palermo, ẹ wo òpó tó wà lápá òsì, àyọkà Àlùkùránì ni wọ́n gbẹ́ sára ẹ̀, títí dòní. Ó wú mi lórí gan-an, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run táwọn Mùsùlùmí gbẹ́, tí àwọn Kristẹni ò pa rẹ́. Ọjà Ballarò náà wà nítòsí, àwọn ará Áfíríkà pọ̀ níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà wà láàárín wọn, ẹ lè rí ẹran hàláàlì àti ata tó ta lẹ́nu.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, wọ́n kọ físà Schengen, físà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, fún mi. Owó mi ti wọlé, inú mi ò dùn. Ṣé kò síbòmíì tí mo ti lè rí òkun yẹn? — *Òṣìṣẹ́ ìjọba, Garki*

ÈSÌ: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó dùn èèyàn lóòótọ́. Ẹ ka ìwé tí wọ́n fún yín dáadáa, ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ wà níbẹ̀, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tàbí kẹ́ ẹ tún ìwé yín ṣe kẹ́ ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó máa ń mú wọn fura ni owó ńlá tó ṣàdédé já sínú àkáǹtì lọ́sẹ̀ díẹ̀ sí ìgbà tí èèyàn béèrè, kódà tó bá jẹ́ owó àjọ ẹni. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ yín rí, ẹ jẹ́ kí owó oṣù máa wọlé déédéé fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìwé gbe àlàyé ibi tí owó ńlá yẹn ti wá.

Àmọ́ Mẹditaréníà kì í ṣe ti Yúróòpù nìkan, Áfíríkà ló ni gbogbo apá gúúsù ẹ̀. Ẹ lọ Alexandria. EgyptAir ń gbéra ní Abuja lọ Cairo, ẹ gba físà ní ilé iṣẹ́ aṣojú Íjíbítì níbí, láti Cairo rélùwéè á gbé yín dé Alexandria ní bíi wákàtí mẹ́ta. Ilé olódi Qaitbay tí wọ́n kọ́ ní 1477, ojú ibi tí ilé iná ayé àtijọ́ tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, tí gbogbo ayé mọ̀, wà gan-an ló dúró sí, ilẹ̀ tó mì tìtì ló wó ti àkọ́kọ́. Ilé ìkàwé tuntun tí wọ́n ṣí ní 2002 náà wà lójú òkun. Lálẹ́, ẹ rìn létí òkun, ẹ wọ ilé ẹlẹ́ja, ẹ tọ́ka sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lórí yìnyín, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì yan án. Ẹ yẹra fún Júláì àti Ọ́gọ́ọ̀sì, gbogbo Cairo ló máa ń sá fún ooru wá síbẹ̀. Tí ẹnì kan bá sì ní kẹ́ ẹ fi Luxor àti Òkun Pupa kún un nínú ọjọ́ márùn-ún, èsì tí mo fún Ìyá Ìbejì lókè yẹn náà ni tiyín.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ṣé mo lè gbé kilishi lọ fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ítálì? — *Sabon Gari, Kano*

ÈSÌ: Rárá o. Ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe ò gbọdọ̀ wọ Yúróòpù nínú báàgì èrò láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á gbà á, wọ́n á dà á nù, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ sanwó. Dàbínò ni kẹ́ ẹ gbé, òun wà lára àwọn èso díẹ̀ tí wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí lé lórí, ẹ rà á ní ọjà Kano kẹ́ ẹ tó kúrò nílé torí ti Abuja wọ́n.