Ẹ Bi Wá: Ọjọ́ Òpin Ayé Tí Wọ́n Dá, Tí Kò Pé

Lóṣù yìí, lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ lórí tábìlì wa dá lórí àwọn ìjọ tó ń dá ọjọ́ fún òpin ayé. A mú mẹ́rin nínú wọn. A kò ní í fi ọmọ ìjọ kankan ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló sábà máa ń gbé èèyàn débẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà gan-an la fẹ́ tú palẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà méjì máa ń kan ilẹ̀kùn mi láràárọ̀ Sátidé. Wọ́n ní láti 1914 ni Jésù ti ń jọba lọ́run, pé inú Bíbélì ni ọdún náà wà. Mo wá a títí, n kò rí i. Báwo ni wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀? (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn)

Ẹ kò lè rí i, bàbá, nítorí kò sí níbẹ̀. Ńṣe ni wọ́n so ẹsẹ mélòó kan pọ̀. Ẹ mú bírò.

Nínú Dáníẹ́lì orí 4, Nebukadinésárì ọba Bábílónì lá àlá kan, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé yóò máa jẹ koríko bíi màlúù fún ìgbà méje. Àwọn Ẹlẹ́rìí ní ìgbà méje yẹn tún dúró fún àkókò tí yóò kọjá kí Jésù tó jọba. Ìfihàn orí 12 pe 1,260 ọjọ́ ní ìgbà mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìgbà méje jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn 2,520 ọjọ́. Wọ́n wá lọ sí Ìsíkíẹ́lì 4:6, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí wòlíì náà ka ọjọ́ kan sí ọdún kan, ọjọ́ 2,520 sì di ọdún 2,520. Wọ́n ní October ọdún 607 ṣáájú ìbí Jésù, lẹ́yìn tí Bábílónì ti pa Jerúsálẹ́mù run, ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà dé October ọdún 1 ṣáájú ìbí rẹ̀ jẹ́ ọdún 606. Kò sí ọdún òdo, nítorí náà ọdún kan péré ló tún gbé wa dé October ọdún 1 lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 607. Ẹ yọ ọ́ nínú 2,520, ó ku 1,913. Ẹ fi ìyẹn lé ọdún 1, ẹ ti bọ́ sí 1914.

Ibi mẹ́ta ló ti já. Èkíní, orí kẹrin Dáníẹ́lì fúnra rẹ̀ sọ pé gbogbo àlá náà ṣẹ mọ́ ọba lára, orí rẹ̀ padà pé, ó sì padà sórí ìtẹ́. Kò sí ibi tí ó ti ní àlá náà ṣì ń dúró de ẹlòmíràn. Èkejì, wọn kì í lo òfin ọjọ́ kan fún ọdún kan níbi gbogbo. 1,260 ọjọ́ inú Ìfihàn orí 11, ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ lásán ni wọ́n kà á sí. Ta ló sọ fún wọn pé ibí ni kí wọ́n ti lò ó, kí wọ́n má lò ó lọ́hùn-ún?

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Jerúsálẹ́mù kò wó ní 607. Wàláà amọ̀ kan wà ní Berlin ní Jámánì, tí àwọn awòràwọ̀ Bábílónì kọ ibi tí òṣùpá àti àwọn ìràwọ̀ wà sí ní ọdún 37 ìjọba Nebukadinésárì. Ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀run yẹn bá ọdún 568 mu. Ẹ kà á sẹ́yìn: ọdún 18 ọba náà yóò bọ́ sí 587, ọdún 19 rẹ̀ yóò bọ́ sí 586. Ọdún méjèèjì yẹn gan-an ni Jeremáyà orí 52 àti Àwọn Ọba Kejì orí 25 fi sí ìṣubú ìlú náà. Bí ẹ bá ka 2,520 láti 587, 1934 lẹ ó bá.

Bí àwọn àlejò yín bá tún dé, ẹ fi sùúrù bi wọ́n ní ìbéèrè kan: kí ló dé tí ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò yìí fi yí padà? Láti 606 ni àwọn tó ṣáájú wọn ti ń kà, wọn kò rántí pé kò sí ọdún òdo. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1943, ó yẹ kí òpin rẹ̀ di 1915. Wọ́n sún ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ní ọdún kan dípò rẹ̀, kí 1914 má bàa yẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tí Charles Taze Russell, tó dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ti wá sílẹ̀, fi kọ́ wọn ni pé Jésù ti padà wá láìfojúrí ní 1874, pé 1914 ni àwọn ìjọba ayé yóò parẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti máàkì ìwé ìṣirò rí, ẹ mọ bí a ti ń ṣe ọmọ tó kọ́kọ́ kọ ìdáhùn, kó tó wá ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀.

Mo bi ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí nípa 1975, ó ní irọ́ ọ̀tá ni. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n dá ọjọ́ náà? (Ọ̀dọ́mọbìnrin, Abẹ́òkúta)

Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọn kò kọ ọ́ gbangba pé Amágẹ́dọ́nì yóò jà lọ́dún yẹn. Ohun tí ìwé wọn tó jáde ní 1966 sọ ni pé 6,000 ọdún tí a ti dá Ádámù yóò pé ní 1975, pé yóò bá a mu gan-an kí ìsinmi ẹgbẹ̀rún ọdún Kristi bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù karùn-ún 1974, ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pín fún àwọn ọmọ ìjọ yin àwọn tó ń ta ilé wọn kí wọ́n lè fi ìyókù ọjọ́ ayé yìí wàásù. Nígbà tí 1975 kọjá, ohun tí Ilé Ìṣọ́ ti 1976 sọ fún ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì ni pé òye tirẹ̀ ni kò tọ̀nà. Ó di 1980 kí àwọn aṣáájú tó gbà pé àwọn náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ta ilé gbé ẹ̀bi náà ní odidi ọdún mẹ́rin kí ẹni tó yìn ín tó bá a gbé e.

Ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Wọ́n ní Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù yóò jíǹde ní 1925. Wọ́n tilẹ̀ kọ́ ilé ńlá sí San Diego ní Amẹ́ríkà ní orúkọ wọn. Wọ́n tà á ní 1948. Kí Russell tó bẹ̀rẹ̀ rárá, William Miller, àgbẹ̀ ará New York, ti mú 2,300 ọjọ́ inú Dáníẹ́lì 8:14, ó ka ọjọ́ kan sí ọdún kan láti 457 ṣáájú ìbí Jésù, ó bá 1843. Kòtò ọdún òdo yẹn náà ló gbé e. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sún un sí 22 October 1844, àwọn àgbẹ̀ kan fi irè oko sílẹ̀ láìkó, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá wọn níbẹ̀.

Ìyàwó mi ti wọ ìjọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà, ó lóyún oṣù márùn-ún, ó ní òun kò ní í gba ẹ̀jẹ̀. Kí ni kí n ṣe? (Baálé ilé, Ìkòròdú)

Ẹ má dúró di ọjọ́ ìrọbí. Ẹ bá a lọ sí kílíníìkì aboyún lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó tó, kí wọ́n fún un ní oògùn tó ní áyọ́ọ̀nù bí ó bá lọ sílẹ̀. Ọsibítù tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ ni kó ti bímọ, kì í ṣe ilé agbẹ̀bí. Ẹ bi í, níwájú dókítà, ohun tó máa gbà gan-an: ìjọ wọn kọ odidi ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa àti funfun, pilasímà àti pílátílẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn èròjà kéékèèké tí a yọ láti inú wọn, bí albumin, sílẹ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn oníkálukú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ kò mọ èyí títí tí ọ̀ràn fi dójú ẹ̀. Ní ti òfin, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà ti sọ ní 2001 pé àgbàlagbà tórí rẹ̀ pé lè kọ̀ ọ́. Ní 2019, ó sọ pé òbí kò lè kọ̀ ọ́ fún ọmọ tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Nítorí náà, ìyàwó yín ló ni ìpinnu lórí ara rẹ̀. Bí ọmọ bá ti dé ayé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ọmọbìnrin mi, ẹni ogún ọdún, ti fi políì sílẹ̀, ó ń gbé nínú àgọ́ ìjọ kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin. Wọ́n ní ìgbàsókè kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ gbà mí o. (Ìyá kan, Àkúrẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Nǹkan tó ń bà yín lẹ́rù ti ṣẹlẹ̀ nítòsí yín. Ní oṣù keje 2022, ọlọ́pàá kó èèyàn 77 jáde ní ìjọ kan ní ìlú Òndó, ọmọdé pọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Oṣù kẹrin ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìgbàsókè sí, wọ́n sún un sí oṣù kẹsàn-án. Ìyá kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ pa ilé ìwé tì ló fi ẹjọ́ sùn. Lọ́dún yẹn kan náà, ìròyìn jáde ní Èkìtì pé pásítọ̀ kan ní kí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan mú 310,000 náírà wá kó tó bá òun lọ.

Ẹ ya ọ̀rọ̀ ìyá kúrò lára ti ọmọ. Ọmọ yín ti kọjá ọdún 18, ẹ kò lè wọ́ ọ jáde. Ọmọ-ọmọ yín ni òfin dúró tì, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003. Bí ebi bá ń pa á, bí wọn kò bá jẹ́ kó rí dókítà, tàbí tí wọn kò jẹ́ kí ẹ fojú kàn án, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé. Bí ẹ bá gbọ́ pé ààwẹ̀ gígùn ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ má sùn mọ́jú kí ẹ tó lọ. Ààwẹ̀ láti lọ pàdé Jésù ni wọ́n fi kọ́ àwọn èèyàn ní Shakahola ní Kẹ́ńyà, òkú tí wọ́n hú níbẹ̀ láti 2023 ju 400 lọ.

Ní ti ọmọ yín, ẹ má bá a jiyàn lórí ọjọ́. Bí ẹ bá ti bá a jà, ohun tí wọ́n ti sọ fún un pé ayé yóò ṣe sí i lẹ ṣe yẹn. Ẹ pè é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kódà bí kò bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ilé, ta ló bímọ, ta ló ṣílé. Bí òun fúnra rẹ̀ bá dá ọ̀rọ̀ Bíbélì sílẹ̀, ẹ ní kó bá yín ka ìwé kejì sí àwọn ará Tẹsalóníkà, orí 3, láti ẹsẹ 6. Àwọn kan nínú ìjọ náà ń rìn láìṣiṣẹ́, Pọ́ọ̀lù sì ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ má jẹun. Ẹ kà á pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ dákẹ́.

Ẹ tọ́jú sátífíkéètì rẹ̀, káàdì báǹkì rẹ̀ àti ìwé ìbí ọmọ sọ́dọ̀ yín, bí ó bá fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí políì náà kí wọ́n gbà á láyè láti dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n má bàa yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má fi yàrá rẹ̀ háyà. Lẹ́yìn tí ọjọ́ tí wọ́n dá bá ti kọjá, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè padà sílé, nítorí náà, bí ó bá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ẹ gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.