Kónílé-ó-gbélé ku ọjọ́ mẹ́ta: èló ni mo lè fi jayé?

ÌBÉÈRÈ (31 oṣù Kẹta 2020): Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n ní tó bá di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ilé ni gbogbo wa máa jókòó sí nítorí àrùn kòrónà. ₦85,000 ló wà lọ́wọ́ mi. ₦1,500 là ń ná sórí oúnjẹ lójúmọ́, ìyá mi sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Síbẹ̀, ó wù mí kí n ṣe irun, kí n jẹ láfún pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ ní búkà, kí n sì ra gèlè kan tó ti wọ̀ mí lójú. Gbogbo ẹ̀ á tó ₦12,000. Ọkọ mi ní orí mi ò pé. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Orí yín pé, ìyá aláàdìrẹ. ₦12,000 yẹn ló pọ̀ jù.

Ọjọ́ 14 ni Ààrẹ Buhari kéde lọ́jọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹta 2020. Èkó àti Àbújá ti bẹ̀rẹ̀ lánàá ní aago 11 alẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ló bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi sún tiwa di ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin. Èmi kì í fi iye ọjọ́ tí ìjọba bá dá ṣírò, ìlọ́po méjì ni mo máa ń lò. Oúnjẹ ọjọ́ 28 jẹ́ ₦42,000. Ó ku ₦43,000.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti ń ṣìṣe rèé: wọ́n á ka gbogbo owó tó wà nínú àpò sí owó kan náà. Owó tí ẹ fi ń ra gìní àti aró kì í ṣe tiyín, ti ọjà ni. Ẹ yọ ₦30,000 sọ́tọ̀ fún ojú owó, kẹ́ ẹ fi sí báǹkì, ẹ má fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹni tó bá jẹ ojú owó tán, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ọjà, ìjókòó lásán ló máa lọ jókòó.

Oògùn ìyá, ọṣẹ àti kẹrosíìnì á gba bíi ₦8,000. ₦5,000 tó kù, ẹ fi jayé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín lẹ́bi. Ẹ ṣe irun: onídìrí náà fẹ́ tilẹ̀kùn, owó yín á wúlò fún un. Ẹ gbé abọ́ lọ ra láfún, kẹ́ ẹ wá jẹ ẹ́ nílé, torí búkà tí èjìká ti ń kan èjìká kò dáa lásìkò yìí. Ti gèlè ni mi ò fọwọ́ sí. Òde wo lẹ fẹ́ wé e lọ?

Ẹ má ra gìní kún ọjà torí ọdún Àjíǹde. Inú ilé ni 12 oṣù Kẹrin máa bá wa. Ẹ ta èyí tó wà nílẹ̀, kódà kí èrè kéré, ṣùgbọ́n ẹ má ta á ní àdánù. Aṣọ kì í jẹrà bíi tòmátì.

Tẹ́ ẹ bá jẹ gbèsè TraderMoni tàbí MarketMoni, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ yá àwọn ọlọ́jà, Ààrẹ ti ní kí wọ́n dá sísan rẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́ta. Àṣẹ yẹn tún kan owó ìjọba àpapọ̀ tí Bank of Industry tàbí Bank of Agriculture bá yá yín, ṣùgbọ́n kò kan owó tẹ́ ẹ bá yá lọ́wọ́ àwọn aládàáni o. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.

Tẹ́ ẹ bá sì ń dá àjọ, ilé alájọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ láàárọ̀ ọ̀la. Jẹ́ kó yọ owó ọjọ́ kan tiẹ̀, kó fún yín ní ìyókù. Tí wọ́n bá ti ti ìlú pa, òun náà ò ní lè jáde.