Ẹ Bi Onífótò: Igi tó pòórá nínú omi Ẹlẹ́yẹlé

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Onífótò. Fóònù ni mo fi ń ya fótò. Mo lọ sí etí omi Ẹlẹ́yẹlé láti ya òjìji àwọn igi tó wà ní òdìkejì. Igi orí ilẹ̀ mọ́ kedere, àmọ́ èyí tó wà nínú omi ń ṣe bàìbàì, ó sì ṣókùnkùn. Ẹni tó ń ta ohun èlò fótò ní kí n ra fíltà kan tí wọ́n ń pè ní polarizer, ó ní yóò jẹ́ kí omi dùn ún wò. Mo rà á, mo fi há fóònù, ni òjìji bá pòórá pátápátá! Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni, sà? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn*

Rárá, ọmọ mi, wọn ò lù ọ́ ní jìbìtì. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹni tó tà á sọ fún ọ. Jẹ́ ká fi fíltà sílẹ̀ ná, ká kọ́kọ́ mú ti bàìbàì.

Èmi náà ti jẹ irú ìyà yẹn rí, ní etí omi kan náà, nígbà tí fíìmù ṣì lòde. Odindi fíìmù tó ń gba fótò 36 ni mo yà tán láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́, ojúoró tó léfòó lórí omi mọ́ rekete, mo lè ka ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi tí mo tìtorí rẹ̀ jí ní aago márùn-ún wá dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n pò sómi. Ojú omi ni mo gbé lẹ́ńsì lé, mo ṣebí ibẹ̀ ni òjìji wà. Kò sí níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kúrò lára igi, ó ta bá omi, ó tún rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ; gbogbo ìrìn yẹn ni lẹ́ńsì ń kà. Bí ibi tí ò ń wò lójú omi bá jìnnà sí ọ ní mítà 3, tí igi sì fi mítà 60 jìnnà sí ibẹ̀, mítà 63 ni òjìji wà sí ọ.

Nítorí náà, igi inú omi ni kí o fi ìka tẹ̀ lójú fóònù, má tẹ ewé tó léfòó. Tí fóònù bá ń ṣagídí, gbé e sókè sí igi gan-an, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi dúró síbẹ̀, kí o tó wá rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sómi. (Òjìji ni mo ń pe ti inú omi, òjìji náà la sì ń pe ti inú oòrùn. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ má bínú sí mi.)

Ti òkùnkùn ńkọ́? Mo fura pé òòró lo dúró yà á. Bí ènìyàn bá wo omi láti òkè tààrà, nǹkan bí 2 péré nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ni omi ń dá padà, ìyókù wọ ìsàlẹ̀ lọ. Bí ojú rẹ bá ṣe ń rẹlẹ̀ sí omi ni iye tó ń dá padà ń pọ̀ sí i. Kúnlẹ̀, ọmọ mi. Yí fóònù dorí kodò kí ojú kámẹ́rà, tó sábà máa ń wà lókè, lè sún mọ́ omi tó ìka méjì. Ṣùgbọ́n fi okùn so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ o. Ẹlẹ́yẹlé ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kì í dá fóònù padà.

Ó wá ku fíltà. Ìmọ́lẹ̀ tó ta bá omi tó sì padà máa ń gbọ̀n níbùú ju òòró lọ, pàápàá tí o bá ń wo omi ní nǹkan bí dígírì 37 sí ojú rẹ̀. Rántí géètì onírin tí ọ̀pá rẹ̀ dúró lóòró: igi tí o bá gbé lóòró á gbàárín rẹ̀ kọjá, èyí tí o bá gbé níbùú á há. Iṣẹ́ tí fíltà yẹn ń ṣe nìyẹn. Yí òrùka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òjìji á padà wá. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ ya òkúta ìsàlẹ̀ odò ni kí o wá a jáde. Lọ́jọ́ òjìji, fi í sílé.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mọ́ mi nínú. Òjìji kì í ṣe ẹ̀dà nǹkan. Bí ẹni pé ojú rẹ wà lábẹ́ omi ni ó ṣe ń fi nǹkan hàn ọ́. Afárá tó jẹ́ pé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan lo ń rí láti etí odò, ikùn rẹ̀ ni omi á fi hàn ọ́. Ẹni tó bá dojú fótò dé láti fi tàn ọ́, ibẹ̀ ni wàá ti mú un.

Kí o dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ, kí atẹ́gùn tó jí. Tí ọkọ̀ apẹja bá kọjá, jókòó, dúró kí omi tún tòrò.

*Ẹ ǹlẹ́ sà. Ìsìnkú màmá wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fótò tí gbogbo wa fẹ́ fún pósítà wà nínú férémù onígíláàsì láti 1974. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi fóònù yà á, ojú tèmi ni mo ń rí lórí gèlè màmá. — Ọmọ Olóògbé, Abẹ́òkúta*

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ̀gbọ́n mi. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún màmá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fipá yọ fótò náà. Èyí tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ ó kàn fa ojú màmá ya ni. Ẹ gbé férémù ti ògiri, kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má ṣe wà lẹ́yìn yín. Ẹ pa fílàṣì àti iná yàrá. Ìmọ́lẹ̀ máa ń ta padà bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù mọ́ ògiri: èyí tó bá wá láti ẹ̀gbẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, kò ní padà sí ọ̀dọ̀ yín. Kí ẹni méjì wá na aṣọ dúdú sẹ́yìn férémù, àní ìró dúdú ti tó — rárá, mo ṣì í sọ, iwájú férémù ni, láàárín òun àti ẹ̀yin. Ẹ gé ihò kékeré síbẹ̀ kí ojú kámẹ́rà gba ibẹ̀ wo fótò. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ sì fi zoom fà á mọ́ra. Ìró tí ẹ ò ní káàánú ni kí ẹ lò o.

*Mo ń ta mọ́tò. Ṣé polarizer lè pa dídán bọ́ńpà onírin? — Oníbàárà yín, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ti gíláàsì àti ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ ni. Ti irin tí kò ní ọ̀dà, rárá. Ìmọ́lẹ̀ tó ta kúrò lára irin kì í gbọ̀n síbì kan bíi ti omi. Ẹ gbé mọ́tò kọjú sí ògiri funfun, ògiri ni bọ́ńpà á fi hàn. Kí ẹ sì wọ ẹ̀wù, torí nínú fótò tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí, mo rí yín ní síńgílẹ́ẹ̀tì.