Ẹ má tíì fọwọ́ kan owó àjọ yẹn

Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Ẹ ní Crown Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn tó wúwo ní England, ti dá a lẹ́bi, ẹ fẹ́ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ẹ sì ń béèrè bóyá legal aid, owó ìjọba fún ẹni tí kò lágbára lọ́yà, á sanwó bárísítà, ìyẹn lọ́yà tó ń rojọ́ ní kóòtù, àbí kí ẹ lọ kó àjọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àjọ yẹn sílẹ̀ ná. Èmi ti kó tèmi rí.

Bó bá jẹ́ legal aid ni ọmọ yín fi ní lọ́yà ní Crown Court, òun kan náà ló ń sanwó ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ lórí kòtẹ́milọ́rùn. Bárísítà tó gbẹjọ́ rẹ̀ rò gbọ́dọ̀ sọ bóyá ìdí wà láti pè é. Bí ìdí bá wà, òun náà ni yóò kọ ọ́, wọn á sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù NG, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń pe kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ ní kó kọ ìmọ̀ràn náà sínú ìwé fún yín.

Àwa ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá àbúrò mi lẹ́bi, bárísítà rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú àtìmọ́lé tó wà nísàlẹ̀ kóòtù, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di. Àwa tó wà nílé ní ká dúró kí adájọ́ kọ́kọ́ sọ iye ọdún. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ibẹ̀ la ti ṣìṣe. Ọjọ́ 28 ni ẹni tó bá ń tako ìdálẹ́bi ní láti fi ìwé ránṣẹ́, àtọjọ́ tí wọ́n ti dá a lẹ́bi ni wọ́n sì ti ń kà á. Bó bá jẹ́ iye ọdún ẹ̀wọ̀n nìkan lẹ fẹ́ tako, ìgbà náà lẹ tó lè ka ọjọ́ 28 látọjọ́ tí adájọ́ kéde rẹ̀. Ẹ wo kàlẹ́ńdà yín, kí ẹ fi bírò yí ọjọ́ náà po.

Ni mo bá kó £4,000 fún lọ́yà tuntun. Lọ́yà tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn ti tẹ́lẹ̀ láti bi wọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ka gbogbo fáìlì. Ibẹ̀ lowó náà tán sí, a tún wá ń bẹ kóòtù pé kí wọ́n fi kún àkókò wa.

Adájọ́ kan ṣoṣo ló máa kọ́kọ́ ka ìwé kòtẹ́milọ́rùn náà, láti mọ̀ bóyá kí wọ́n gbọ́ ọ. Bó bá gbà, kóòtù fúnra rẹ̀ á pàṣẹ kí wọ́n sanwó bárísítà tó máa sọ̀rọ̀. Owó sọ̀lísítọ̀, lọ́yà tó ń ṣètò ìwé ẹjọ́, kì í sábà sí nínú rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ lè tún un gbé lọ síwájú àwọn adájọ́ Court of Appeal, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní Strand ní London, ṣùgbọ́n legal aid kì í sábà sanwó bárísítà tó bá bá yín dé ibẹ̀. Èyí máa ń dùn mí gan-an: ibi tí èèyàn ti nílò ẹnu jù ni wọ́n ti fi í sílẹ̀. Lọ́yà tuntun ní ká tún mówó wá. Bárísítà àkọ́kọ́ yẹn ni mo padà lọ bẹ̀. Ó wá, kò gba kọ́bọ̀. Mo jókòó lẹ́yìn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dárúkọ àbúrò mi bí ẹni pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Wọn ò gbà fún wa.

Ẹ fi sọ́kàn pé bí ẹjọ́ náà ò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tẹ́ ẹ sì fi dandan gbé e lọ, wọ́n lè pàṣẹ pé kí àwọn ọjọ́ kan tó ti lò lẹ́wọ̀n má wọ inú ìṣirò. Nítorí náà, bí bárísítà bá ní kò sí ìdí, ẹ bi í léèrè dáadáa kí ẹ tó bínú sí i.

Lọ́la ni kí ẹ pe sọ̀lísítọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n dá a lẹ́bi?