Kí oorun má baà kun wọn ní kíláàsì filọ́sọ́fì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Filọ́sọ́fì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga kan nílẹ̀ Èkìtì níbí. Wọ́n tó 60. Bí mo bá ti ń ka ohun tí Plato, onímọ̀ filọ́sọ́fì ará Gíríìsì àtijọ́, sọ nípa ìmọ̀, oorun ti ń kùn wọ́n nìyẹn. Tí mo bá sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, kẹ́kẹ́ á pa. Kí ni kí n ṣe?
Olùkọ́, Adó-Èkìtì

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, olùkọ́ wa. Ìtumọ̀ lẹ fi ṣáájú, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tíì rú lójú, kí ló fẹ́ fi ìdáhùn Plato ṣe?

Ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sójú pátákó: "Mo mọ̀ pé òkè Olósunta wà ní Ìkẹ́rẹ́." Kí oníkálukú fi ìṣẹ́jú 3 kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá òun lè fi òótọ́ sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìdí kan. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹ má fo ìṣẹ́jú 3 yìí o, torí ọmọ onítìjú tó ti kọ nǹkan sílẹ̀ ti ní ohun tó máa kà jáde. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jókòó ní méjì-méjì fún ìṣẹ́jú 5: ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó ń rí òkè náà láràárọ̀, àti ọmọ Ìjerò tí kò débẹ̀ rí. Ṣé ọ̀kan náà ni "mo mọ̀" tiwọn? Ariwo á sọ.

Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó mú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ filọ́sọ́fì méjì, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, wọlé. Ní 1986, wọ́n tẹ ohun tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn Yorùbá yẹ̀ wò jáde: ohun téèyàn fojú ara rẹ̀ rí ni ìmọ̀, èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, ìgbàgbọ́ ni. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà síwẹ́wẹ́ lójú pátákó: gbà, gbọ́. Ó yá, pé ayé ń yí oòrùn po, tí gbogbo wa kà nínú ìwé, èwo nìyẹn? Bí wọ́n bá ti ń jà lé e lórí, Plato lè wá wọlé. (Ẹ sọ fún wọn pé nínú ìwé rẹ̀ Theaetetus, ó gbé e yẹ̀ wò pé ìgbàgbọ́ tó jẹ́ òótọ́, tó sì ní àlàyé, ni ìmọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ nínú ìwé náà ò gbà á níkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ìyẹn.)

Ní ti kẹ́kẹ́ tó ń pa: ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í ta ko àgbà ní gbangba. Ẹ má bi wọ́n pé "Ta ni kò gbà?" Ẹ ní: "Ta ló lè bá mi gba ẹjọ́ ẹni tó takò mí rò?" Iṣẹ́ lẹ rán an yẹn, kì í ṣe àfojúdi mọ́. Kí ẹ wá ka ení dé ẹẹ́wàá nínú kí ẹ tó lanu.

Òwe pẹ̀lú máa ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Bí ẹnì kan bá sọ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró, ẹ ní kí ó wá èyí tó takò ó. Yóò kan ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, tí a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èwo ni ká tẹ̀ lé, nígbà wo, kí nìdí?

Ìbéèrè: Báwo lèèyàn ṣe ń máàkì ohun tí àwọn ọmọ bá kọ nírú kíláàsì yìí?
Òǹkàwé, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ìdáhùn: Nínú máàkì 10, ẹ fún wọn ní 3 bí wọ́n bá sọ ibi tí wọ́n dúró sí yékéyéké, 4 fún ìdí, 3 fún àtakò tó lágbára jù lọ àti èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé èrò wọn bá tiyín mu fún wọn ní máàkì kankan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun tẹ́ ẹ sọ ní kíláàsì ni wọn yóò dà kọ fún yín.