Ìbéèrè: Mo gun ọ̀kadà fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì kírun lórí rẹ̀

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Ààfáà wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Láti kékeré ni màmá mi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà, n kò sì gùn ún rí àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òjò ṣú, kò sí kòròpé kankan ní Sábó, ni mo bá gun ti ọkùnrin kan lọ sí Parakin. Ẹ̀rù bà mí débi pé èjìká rẹ̀ ni mo dì mú gírígírí. Wọ́n pe ìrun Màgíríbì nígbà tá a wà lójú ọ̀nà. Mo ní àlùwàlá, ni mo bá ń tẹrí ba lórí ìjókòó, mo kí i tán kí n tó délé. Ṣé ìrun yẹn wọlé? Ṣé àlùwàlá mi ò bàjẹ́? Ṣé ó tilẹ̀ tọ́ kí obìnrin jókòó sẹ́yìn ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ tàbí ẹbí rẹ̀? Owó ọwọ́ mi sì dín 100 náírà; ọkùnrin náà ní kí n máa lọ, pé a ó tún pàdé.

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìrun kúrò nílẹ̀. Dá Màgíríbì yẹn padà, rákà mẹ́ta. Jábírù ọmọ Abdullahi gbà á wá, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari, pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) a máa kírun lórí ẹran tó ń gùn, ibi yòówù tí ẹran náà bá kọjú sí; ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ kí ìrun ọ̀ranyàn, á sọ̀kalẹ̀, á kọjú sí Kíbúlà. Àṣegbọrẹ lèyí tó ń kí lókè. Àṣegbọrẹ náà pàápàá, ní ìlànà Màlíkì tí à ń tẹ̀lé, inú ìrìn àjò tó tó dín ìrun kù la ti ń kí i bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 80 kìlómítà. Ifẹ̀ sí Iléṣà ò tó ìdajì rẹ̀, áńbọ̀ńtórí Sábó sí Parakin. Ò bá ní kó dá ọ dúró lẹ́bàá mọ́sálásí, tàbí kó o ní sùúrù délé. Àkókò Màgíríbì ò ní lọ mọ́ ọ lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lóòótọ́, Súrà Bákárà, áyà 239, gba ẹni tó ń bẹ̀rù láàyè kó kírun lórí ìrìn tàbí lórí ohun tó gùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀tá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù gálọ́ọ̀pù.

Àlùwàlá rẹ ò bàjẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn Màlíkì, ìfọwọ́kàn tó ní adùn nínú, tàbí èyí tí èèyàn fi ń wá adùn, ló ń bà á jẹ́. Ẹni tó ń ké "yéè" lórí ọ̀kadà, adùn wo ló ń jẹ?

Èyí tó gba àlàyé ni jíjókòó sẹ́yìn ọkùnrin. Asmau ọmọ Abubakar máa ń ru kóró dàbínù lórí láti ilẹ̀ ọkọ rẹ̀, Zubayr, wálé, ìrìn bíi máìlì méjì. Lọ́jọ́ kan, ó ko Ànábì lọ́nà pẹ̀lú àwọn kan nínú àwọn Ánsáárì, àwọn ará Mẹ̀dínà tó ran Ànábì lọ́wọ́. Ànábì pè é, ó sì ní "ikh, ikh" fún ràkúnmí rẹ̀ kó lè kúnlẹ̀, kí ó gbé e sẹ́yìn. Ojú ti Asmau láti bá àwọn ọkùnrin rìn, ó sì rántí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń jowú tó. Ànábì rí i pé ojú ń tì í, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí Asmau ròyìn délé, Zubayr dáhùn pé: "Wallahi, kóró tó o rù yẹn le lára mi ju kí o gùn ún pẹ̀lú rẹ̀ lọ."

Imam Nawawi, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ àtijọ́, rí i mú níbẹ̀ pé ó tọ́ kí èèyàn gbé obìnrin tó ti rẹ̀ lójú ọ̀nà sẹ́yìn. Kadi Iyad, onímọ̀ Màlíkì, ní rárá, ti Ànábì nìkan ni, kí ẹlòmíràn má fi ṣe àwòṣe. Ó yé mi ìdí tí Kadi fi sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ èmi ò lè wo ojú ọmọ tí òjò ká mọ́ Sábó kí n ní kó fẹsẹ̀ rìn. Bí kòròpé bá wà, òun ni kó o wọ̀, kódà bó o bá ní láti dúró díẹ̀. Bí kò bá sí, tí ìdí pàtàkì sì wà, gun ọ̀kadà ní ojú títì tí èèyàn wà. Ìyẹn kì í ṣe ìdákọ́ńkọ́ obìnrin pẹ̀lú ọkùnrin tí Ànábì kọ̀ fún wa. Ọ̀nà àdádó lóru, má gbà á.

Ràkúnmí ní gàárì tó ya ẹni iwájú sọ́tọ̀ lára ẹni ẹ̀yìn. Ọ̀kadà ò ní in. Báàgì ìwé rẹ ni kó o fi ṣe gàárì, gbé e sí àárín, kó o sì fi ọwọ́ di irin ẹ̀yìn ìjókòó mú dípò èjìká. Bí ọlọ́kadà bá dúró lójú ọ̀nà láti gbé ọkùnrin mìíràn sẹ́yìn rẹ, sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ààfáà kan máa ń ní kí obìnrin kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí apá kan torí ìtìjú. N kò bá wọn sọ ọ́. Ẹni tó jókòó bẹ́ẹ̀, bí ọ̀kadà bá tẹ bíréèkì lójijì, ilẹ̀ ló ń lọ. Wọ ṣòkòtò sábẹ́ aṣọ rẹ, ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kó o sì ká etí hìjáàbù rẹ sábẹ́ ìdí dáadáa. Aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́yìn, táyà àti ṣéènì ló ń wá kiri, ibi tó bá sì ti wé mọ́ ọn, ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń fà.

Èmi náà ní ìgbà àkọ́kọ́ tèmi. Ọmọ kéwú ni mí nígbà yẹn, ààfáà mi gbé mi sẹ́yìn alùpùpù wọn lọ síbi ìkómọ ní Mọdákẹ́kẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé apá òsì la ti ń gùn ún, ibẹ̀ náà la ti ń sọ̀. Mo bọ́ sílẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ mi sì lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ńsà. Àpá rẹ̀, roboto bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, wà níbẹ̀ dòní. Ìrẹsì ìkómọ yẹn ò dùn lẹ́nu mi.

Hìjáàbù ò ní kó o má dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Wọ èyí tó fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sọ ọ́ di dandan, àwọn ọlọ́kadà kan ń de igbá mórí, èrò sì ń sá fún hẹ́límẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ti fi oògùn sí i, ẹni tó bá dé e á pòórá. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́hun nìkan ló ń pa, tó ń la, kí ló fẹ́ fi ìbẹ̀rù yẹn ṣe? "Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín ju ara yín sínú ìparun," bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun wí, Bákárà, áyà 195.

Bó o bá gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀kadà, sọ "Bismillaah". Bó o bá jókòó tán, "Alhamdulillaah", kó o wá ka èyí tó wà nínú Súrà Zukhruf: "Subhaanalladhii sakhkhara lanaa haadhaa wa maa kunnaa lahuu muqriniin, wa innaa ilaa Rabbinaa lamunqalibuun." Mímọ́ ni fún Ẹni tó rọ èyí fún wa, a ò bá má lè kápá rẹ̀, ọ̀dọ̀ Olúwa wa sì ni a ó padà sí. Bó bá ta gìrì sínú kòtò, má ṣe bú Ṣàyítánì. Ànábì ní ìyẹn ń mú un wú fùkẹ̀ ni. "Bismillaah" ni kó o sọ, òun ló ń sọ ọ́ di kékeré bí eṣinṣin.

Pe màmá rẹ, kó o sọ fún wọn fúnra rẹ. Ìkìlọ̀ wọn kì í ṣe asán.

Ní ti 100 náírà, gbèsè ni. "Máa lọ, a ó tún pàdé" kò túmọ̀ sí pé ó fi jì ọ́. Padà sí ibi tí wọ́n ń dúró sí ní Sábó, lásìkò ìrọ̀lẹ́ tó o rí i lọ́jọ́ yẹn, kó o wá a. Bó o bá wá a títí tí o kò rí i, fi ṣe sàráà fún un, àmọ́ bó bá yọjú lẹ́yìn náà, tó ní owó òun ni òun fẹ́, wàá san án.