Ṣé ulcer ló ń ta mí láyà lóru ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún 47 ni mí. Mi ò kì í délé kó tó di aago 9, tí mo bá ti jẹ ẹ̀bà tán, oorun ló kù. Láti bí oṣù mẹ́ta, omi kíkan kan máa ń gòkè wá bá mi lọ́fun lóru, àyà mi á máa ta bíi pé wọ́n fi ata rà á. Kẹ́mísìtì ní ulcer ni. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, "inú ń run mí" nìkan ló máa ń jáde lẹ́nu mi.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Gbogbo nǹkan tó bá ti ta wá nínú la máa ń pè ní ulcer, ó sì ń dùn mí torí oògùn tí ò kàn wọ́n làwọn èèyàn ń gbé mì. Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí jọ acid reflux. Iṣan kan wà níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú ikùn, ó máa ń ṣí kóúnjẹ wọlé kó tún padé, tí ò bá wá padé dáadáa, omi kíkan tí ikùn fi ń lọ oúnjẹ á sun padà sókè, ọ̀fun ò sì lè gbà á bíi ti ikùn, ló fi ń ta yín, pàápàá tẹ́ ẹ bá yó tẹ́ ẹ sì dùbúlẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí gan-an ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ fọwọ́ kan ibi tó ń ta, ẹ sọ iye ìgbà lọ́sẹ̀, ohun tẹ́ ẹ jẹ, bóyá ẹ ń wúkọ́ lóru tàbí ohùn yín ń há láàárọ̀. Ẹ dárúkọ gbogbo oògùn, àgbo náà, àti ibuprofen tẹ́ ẹ bá ń lò ó fún ẹ̀yìn dídùn torí ó lè ha ikùn. Tí wọ́n bá fún yín ní omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, ẹ bi wọ́n ìgbà tẹ́ ẹ máa lò ó, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ ló sábà máa ń jẹ́, ọ̀pọ̀ ló ń jẹun tán kí wọ́n tó lò ó.

Tóúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, tẹ́ ẹ bá ń rù láìnídìí, ẹ tètè lọ. Tẹ́ ẹ bá bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ bá dú bí ọ̀dà, tàbí tí àyà ń dùn yín dé apá, tí òógùn ń bò yín, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, torí àyà dídùn bẹ́ẹ̀ yẹn, ọkàn lè ni.

Ẹ fi pákó gbé ẹsẹ̀ ibùsùn níbi orí sókè bíi sẹ̀ńtímítà 15, ìrọ̀rí nìkan ò tó. Ẹ̀bà yẹn, ẹ bù ú sínú kúlà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ ní bí aago 6.